Àpótí Iná Tó Kúrò Nínú Ilé

Olè kì í tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn ara rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo lóṣòó sẹ́sẹ̀ ògiri ilé Àlàájì Yúnúsà ní Makun, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí mo sì fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹnìkan ti gbẹ́ ilẹ̀ náà, ó ti dí i padà, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán, ó sì ti da àfọ́kù ìkòkò kan dé e lórí.

Lókè orí mi ni àpótí iná wà, àpótí irin tí mítà àti fúùsì àti ohun tí wọ́n fi ń tan pọ́ǹpù omi wà nínú rẹ̀. Wáyà kan sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí rẹ̀, ó ń mì dirodiro, kò so mọ́ nǹkan kan. Ibi tó yẹ kó dé ni ilẹ̀ tí mo ń wò yìí.

"Wọ́n ti jí ọ̀pá rẹ̀ lọ, mà," ni Sájẹ́ǹtì Ọláìtán wí lẹ́yìn mi. "Àwọn tó ń ta irin àlòkù ni. Bàbà ti wọ́n lóde báyìí."

"Olè wá jí ọ̀pá bàbà, ó fi wáyà bàbà sílẹ̀?"

Ọmọ dáadáa ni Ọláìtán, àmọ́ ó fẹ́ràn kí ẹjọ́ tètè parí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Oníṣòwò obì ni Àlàájì Yúnúsà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé rẹ̀ ni àpótí iná ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé, níbi tí wọ́n ń to agbọ̀n obì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá ìyàwó rẹ̀. Àlàájì kò fẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó ń wá wo mítà máa gba ẹnu yàrá ìyàwó òun kọjá mọ́. Ó pe oníṣẹ́ iná kan tó ń jẹ́ Tawfiq, ó ní kó gbé gbogbo rẹ̀ jáde sára ògiri ìta, Tawfiq sì gbé e jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, Àlàájì ṣe àlùwàlá tán, ó gbọ́ pé táńkì ti kún, omi ń dà nù, ó bá jáde lọ pa pọ́ǹpù. Ó fi ọwọ́ tútù kan àpótí náà. Ìgbà tí àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí fi rí i, ó ti kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà.

Tawfiq wà ní àtìmọ́lé wa. Ẹbí ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bó bá di Mọ́ńdè, wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́ fún ìpànìyàn, ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ pẹ̀lú irú ẹ̀sùn yẹn, ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ jìn.

Ó yẹ kí àánú ẹnìkan ṣe mí nínú wọn. Kò ṣe mí. Láti oṣù kìíní tí a ti sin ọmọ mi, Ìmísíolúwa, ara mi ti kú sí ohun gbogbo. Tíì máa ń bó mi lẹ́nu kí n tó mọ̀ pé ó gbóná. Iṣẹ́ nìkan ló ṣì ń lọ déédéé, nítorí ọpọlọ lè dá ṣiṣẹ́ kí ọkàn má sí nílé. Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ mi. Ẹ má jẹ́ kó pa yín lẹ́rìn-ín.

*

Ridwanullah, àbúrò olóògbé, ló mú ẹjọ́ náà wá. Ó bá wa nínú àgbàlá, ó dúró ní ìdúró ẹni tí kò sùn.

"Mádàámù, kí lẹ tún ń wá? Ọmọ yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Wọ́n jà. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Láti ìgbà tó ti gbé àpótí yìí síta, bí òjò bá ti rọ̀, iná ti já nìyẹn. Fúùsì á kàn jó. Lọ́jọ́rú, Àlàájì ránṣẹ́ pè é, wọ́n bú u níwájú èrò, wọ́n ní iṣẹ́ ẹni tí kò tíì gba fíríìdọ̀mù ló ṣe. Ó bínú lọ. Ó wá padà ní kọ̀rọ̀, ó yọ ọ̀pá yẹn."

"Ẹ rí i nígbà tó padà wá?"

"Mi ò rí i. Ta ni ì bá tún yọ ọ́?"

"Lẹ́yìn ìjà yẹn, ṣé òjò tún já iná?"

Ó ronú díẹ̀. "Rárá. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, òjò ńlá rọ̀, iná ò já rárá. Mo ti kó obì lọ sí Ìbàdàn nígbà yẹn, orí fóònù ni Àlàájì ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó jọ pé èébú ti wo iná sàn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ kẹ́yìn nìyẹn."

Mo wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń wo ojú gbogbo ẹni tó lè jogún. Mo ní kí Ọláìtán pe ẹni tí wọ́n kó obì fún ní Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ridwanullah sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

*

Ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni Tawfiq. Wọ́n mú un jáde fún mi láti inú àtìmọ́lé, ó jókòó, kò mọ ibi tí òun máa kó ọwọ́ sí.

"Mo fi Ọlọ́run búra, mà, mo ri ọ̀pá áàtì mọ́lẹ̀. Ọ̀pá bàbà tuntun ni, ó gùn dé àyà mi. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo da èédú àti iyọ̀ sí i, mo sì fi òòlù gbá a wọlẹ̀."

"Kí ni iṣẹ́ ọ̀pá yẹn? Sọ ọ́ bí ìgbà tó o bá ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ."

"Tí iná bá ṣìnà nínú àpótí, mà, tó lọ kan ara irin, ọ̀pá yẹn ló máa gbé e lọ sínú ilẹ̀. Bó bá ti ń lọ báyẹn, fúùsì á jó, iná á já. Kò ní dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án."

"Èé ti jẹ́ tó o fi rì í síbẹ̀ gan-an?"

"Ibẹ̀ ló tutù jù lẹ́yìnkùlé yẹn, mà. Ibẹ̀ ni omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ilẹ̀ tútù ni áàtì ń fẹ́."

"Ó dáa. Kí ló wá ń mú kí iná máa ṣìnà nínú àpótí yẹn nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa itan ṣòkòtò rẹ̀.

"Mo wo àpótí náà," mo ní. "Òkè orí rẹ̀ lo lu ihò tí wáyà gbà wọlé. Òjò ń bá ara wáyà ṣàn wọ inú rẹ̀."

Ó sorí kọ́. "Inú ilé ni mo ti kọ́ṣẹ́, mà. Nínú ilé, àjà ni wáyà ti ń bọ̀, òkè àpótí náà ló máa gbà wọlé. Ọwọ́ mi kàn ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Abẹ́ ló yẹ kí n ti lu ihò náà. Inú àtìmọ́lé níbí ló ti wá sí mi lọ́kàn."

"Níbo lo wà lọ́jọ́bọ̀?"

"Ìkẹ́nnẹ́, mà. A ń fa wáyà sí ilé kan. Láti àárọ̀ ni, títí òjò fi lé wa. Ẹ bi ọ̀gá mi." Ó gbé ojú sókè. "Mo mọ̀ pé mo lẹ́bi ihò yẹn. Àmọ́ mi ò yọ ọ̀pá."

Mo gbà á gbọ́. Kò sí ayọ̀ kankan nínú gbígbà tí mo gbà á gbọ́ o. Mo kàn mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Àmọ́ ìgbàgbọ́ mi kò lè ṣí ìlẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ kí n tó jáde nílé: bí ọ̀pá náà kò bá jáde, Tawfiq lọ.

*

Ọláìtán kò jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ olè, nítorí náà a wa mọ́tò lọ sí Ògèrè, sọ́dọ̀ Afọláyan tó ń ra irin àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ó jókòó sáàárín òkú fìríìjì bí ọba láàárín ìjòyè.

"Mádàámù, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Èmi kì í ra nǹkan olè. Àwọn olè ló máa ń purọ́ fún mi."

Ọláìtán tú ibẹ̀ títí, ló bá fa ọ̀pá bàbà kan jáde láti abẹ́ àwọn wáyà. Ojú rẹ̀ tàn. "Mà! Òun rèé."

Mo gba ọ̀pá náà. Ó ti dúdú, sìmẹ́ǹtì sì gan mọ́ ọn nídìí.

"Tuntun ni ti Tawfiq," mo ní. "Èédú àti iyọ̀ ló dà sí i, kò po sìmẹ́ǹtì. Dá a padà fún wọn."

"Ẹ ṣeun, Mádàámù," ni Afọláyan wí. "Sájẹ́ǹtì yín ti fẹ́ sọ mí di apààyàn lójú ọ̀sán."

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, Ọláìtán wú bí búrẹ́dì. Mo jẹ́ kó wú díẹ̀ kí n tó bi í.

"Ìgbà wo ni iná kò já mọ́ nílé Àlàájì?"

"Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní òjò rọ̀, kò já."

"Ṣé ẹnìkan dí ihò òkè àpótí yẹn?"

"Rárá. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Omi ṣì ń wọlé nìyẹn. Iná ṣì ń ṣìnà lọ bá irin, gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí fúùsì kò jó?"

Ó dín eré mọ́tò kù. "Torí pé ọ̀pá ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Iná tó ń já lójoojúmọ́, tí wọ́n torí rẹ̀ bú ọmọ ọlọ́mọ, òun gan-an ló ń ṣọ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ní ó ti dáa, ọjọ́ náà ló bàjẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yọ ọ̀pá yẹn, Ọláìtán, kí òjò tó rọ̀, nígbà tí Ridwanullah wà lọ́nà Ìbàdàn, tí Tawfiq sì wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹni tó yọ ọ́ kò gé wáyà, ó tú u ni. Ó dí ihò padà. Ó fi ọwọ́ tún ibẹ̀ ṣe bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn."

"Ta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ lásán?"

Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi ni, ní Ìlárá. Ọjọ́ tí mo bí Ìmísíolúwa, ìyá mi gba ìkejì rẹ̀, ibi ọmọ tó tẹ̀lé e wá sáyé, ó sin ín sẹ́yìn balùwẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ náà títí ó fi dán, ó wá da àfọ́kù ìkòkò dé e kí adìẹ má baà tú u. Àfọ́kù náà ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ ni kò sí mọ́. Mo rò ó báyìí, mo dúró kí ó dùn mí, kò dùn mí. Mo ní kí Ọláìtán yà sí Makun padà.

*

Ìdíátù, ìyàwó Àlàájì, wà lórí ẹní nínú yàrá. Ó ti wà ní ìdáà opó, kò lè jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Raqeebah, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹ àkàrà. Ìgò oògùn ibà ti àwọn ọmọdé kan wà lójú fèrèsé, ó ti ṣófo.

"Ṣé wọ́n máa pa ọmọ oníná yẹn ni, mà?" ni Ìdíátù bi mí.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn?"

"Rárá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹnìkan ló ṣe é. Tí ò bá sí ẹni tó ṣe é, kí ni kí n wá máa wí?"

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní kí Raqeebah lọ fi àkàrà han Sájẹ́ǹtì lẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ.

"Ara rẹ̀ kò yá lọ́sẹ̀ yìí, àbí?"

"Inú ló ń run ún, mà. Ìdodo rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin yẹn ń gbá irin yẹn wọlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń gbá a níta ni ọmọ ń ké nínú ilé. Ara rẹ̀ wá gbóná. Mo ra oògùn, ó lò ó, kò lọ. Ọjọ́bọ̀ ló tó sàn, Alhamdulillahi. Ó sun oorun gidi lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Ọjọ́ kan náà ni ara iná àti ara ọmọ yá nínú ilé yìí.

"Ìyá Raqeebah, níbo ni wọ́n sin ìkejì rẹ̀ sí?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀. "Ẹsẹ̀ ògiri," ló ní. "Ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ìyá Àlàájì ló sin ín síbẹ̀ kí wọ́n tó kú. Orí rẹ̀ la ti kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà."

Ilẹ̀ tútù ni áàtì ń fẹ́. Ilẹ̀ tútù náà sì ni àwọn ìyá wa ń wá fún ìkejì ọmọ.

"Ẹ ò sọ fún oníṣẹ́ iná?"

"Ọkùnrin àjèjì ni. Àlàájì ò fẹ́ kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó."

"Àlàájì fúnra wọn ńkọ́?"

"Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ ni, pé ẹni tó ń kírun kì í sọ irú ẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ dé, mà á rọra sọ ọ́. Inú wọn máa ń dùn lọ́jọ́ Jímọ̀." Ó dìde, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa nǹkan gígùn kan jáde tí ó fi ìró àtijọ́ wé. "Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo yọ ọ́. Mo da omi sí ìdí rẹ̀, mo ń mì í títí ó fi jáde. Mo ti fọ̀ ọ́. Nǹkan Àlàájì ni, mi ò fẹ́ kó sọnù. Mo ní wọ́n á ní kí ọmọ yẹn wá rì í síbòmíràn."

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó dán gbinrin. Kò sí ohun tó ń fi pa mọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀.

Ọláìtán ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó mi orí sí mi díẹ̀, pé kí n má sọ. Mo mọ ohun tó ń rò. A lè ní ẹ̀bá gọ́tà la ti rí ọ̀pá náà. Àmọ́ Ridwanullah ò ní gbà, ọ̀gá wa ò ní gbà, Tawfiq ni yóò sì gbé irọ́ yẹn lọ sílé ẹjọ́. Òtítọ́ nìkan ló lè mú un jáde, òtítọ́ náà sì gbọ́dọ̀ gba orí obìnrin yìí kọjá.

"Ìyá Raqeebah, ẹ jókòó," mo ní. "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí ọ̀pá yìí ń ṣe fún yín."

Mo sọ ọ́ bí Tawfiq ṣe sọ ọ́ fún mi, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá ẹni. Ibi tí mo ti dé ọ̀rọ̀ fúùsì ni ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró àtijọ́ yẹn. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. Kò sunkún. Mo mọ irú ẹ̀.

"Èmi ni nígbà náà," ló ní.

"Òjò wà níbẹ̀. Ihò tí Tawfiq lù sókè wà níbẹ̀. Ọwọ́ tútù Àlàájì wà níbẹ̀. Tiyín náà wà níbẹ̀."

"Èwo ló pa á nínú wọn?"

"Kò sí èyí tó lè dá a pa."

Ó fi ìró náà lé orí itan. Lẹ́nu ọ̀nà, Raqeebah ń bi Ọláìtán bóyá ó ní ìbọn, Ọláìtán sì ń sọ fún un pé ilé ni òun fi í sí. Ìdíátù gbọ́ ohùn ọmọ náà, ojú rẹ̀ wá yí padà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fẹ́, mà. Ọmọ yìí nìkan ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Kó má dàgbà kó máa rò pé torí òun ni."

"Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi," mo ní.

*

Kò sí ẹni tó lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ridwanullah wo ọ̀pá náà lórí tábìlì ọ̀gá wa, ó gbọ́ àlàyé mi, ó bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ó ní òun gba ẹjọ́ náà padà, pé òun ò lè pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ní apààyàn. Wọ́n tú Tawfiq sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò dúpẹ́. Ó bi mí bóyá àpótí náà ṣì wà bó ṣe wà. Mo ní ó wà bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn pa iná láti orí òpó ni.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un ṣe, mà. Ọmọdé wà nílé yẹn."

Nítorí náà a padà sí Makun. Ó dí ihò òkè, ó lu òmíràn sábẹ́, ó kan páànù kékeré lé àpótí náà lórí. Ó wá mú ọ̀pá bàbà náà lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀ yí ká, kò mọ ibi tí òun máa gbé ẹsẹ̀ sí.

"Níbo ni kí n rì í sí, mà?"

Kí n tó dáhùn, aṣọ fèrèsé yàrá opó sún díẹ̀. Ọwọ́ kan yọ jáde. Ó nà sí ọ̀nà gọ́tà, jìnnà sí àfọ́kù ìkòkò yẹn, níbi tí ilẹ̀ ti tutù díẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn," ni ohùn Ìdíátù wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Tawfiq dá a lóhùn láì gbójú sókè. Ó tún ní, "Ẹ forí jì mí." Ọwọ́ náà dúró sójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé.

Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó da èédú àti iyọ̀ sí i. Èmi ni mo di ọ̀pá náà mú fún un, nítorí Ọláìtán ń bá Raqeebah ṣeré níwájú ilé kó má baà dé ẹ̀yìn. Tawfiq gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ta mí láti àtẹ́lẹwọ́ dé èjìká.

Ó rí ojú mi, ó dáwọ́ dúró. "Ṣé ó dùn yín, mà?"

"Ó dùn mí," mo ní.

Mo tún ọ̀pá náà dì mú, mo ní kó máa gbá a lọ.